Òkúta Tí Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Sí Lára Rẹ̀

Òkúta kan wà lójú ọ̀nà ọjà ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Èmi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lára òkúta yẹn bí ẹni mọ ilà ojú ọmọ rẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ ìlú tó bá ogun Bọ́mà lọ ni wọ́n fín sí i. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fín ọ̀rọ̀ kan sí i fún àwọn tó bá wọn jà, àwọn ará Jàpáànù. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò sí níbẹ̀. Ó kú sí Bọ́mà bíi tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n àwọn tó pa á rí àyè lára òkúta náà, òun kò rí. Ẹni tó yọ ọ́ kúrò ni mo fẹ́ sọ. Èmi ni.

Ọmọ Ibiade ni Yèyé mi, ní etí omi. Ẹja gbígbẹ ló máa ń gbé wá tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí bàbá mi tó rí i, tó fẹ́ ẹ wá sí Japara, àdúgbò wa nínú ìlú náà. Ó bímọ púpọ̀, àwa méjì ló dúró: ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ àkọ́bí, àti èmi àbígbẹ̀yìn. Àwọn tó wà láàárín wa kò bá wa kalẹ́. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi dàgbà tó láti pọ̀n mí sẹ́yìn, ó sì pọ̀n mí. Mo rántí òórùn ẹ̀yìn rẹ̀, òórùn igi tútù. Àwọn agégẹdú ló ń bá ṣiṣẹ́ nínú igbó. Ó ga, ó dúdú, pákó tí ọkùnrin méjì ń gbé, òun nìkan a fi èjìká gbé e bí ẹni gbé ọmọ.

Nígbà tí àwọn òyìnbó wá ń wá ọmọkùnrin tó le, ta ni wọn ì bá rí bí kò ṣe irú rẹ̀? Wọ́n ní ọ̀tá kan ń bọ̀ tó fẹ́ kó dede ayé lẹ́rú. Bàbá bàbá mi wà láyé nígbà náà, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Àwọn òyìnbó yìí kan náà ló kó ìbọn wá bá Ìjẹ̀bú nígbà tí òun ṣì lè sáré, òun sì fi ojú rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó sùn sẹ́bàá odò bí igi tí ìjì dà.

Ó ní, "Kò tíì jìnnà tí wọ́n pa wá. Wọ́n ti padà wá tọrọ ọmọ wa báyìí?"

Wọ́n ní àgbà ló ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi lọ. Èmi kò tíì ju ọmọ tó ń ru igbá omi kékeré lọ. Yèyé mi sìn ín dé ibi tí ọkọ̀ ti gbé wọn, ó sì padà wálé.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìwé kan dé pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú sí Bọ́mà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí í ṣe olórí ẹbí wa, ni wọ́n fún, nítorí bàbá mi ti kú. Wọ́n kà á fún un, ó ká a, ó fi sábẹ́ awọ àgbò tó fi ń kírun. Kò sọ fún Yèyé mi. Ó pe àwọn àgbà ilé jọ, ó pe èmi náà, nítorí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ikú náà sétí Yèyé mi.

Bí ẹ kì í bá ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, ẹ lè máa bú u. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí ọmọ bá kú tí ìyá rẹ̀ wà láyé, a kì í jẹ́ kí ìyá náà mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn ẹlòmíràn ní í gbé e jáde, ibi tí ìyá kò ní í gbà kọjá ni wọ́n sì ń wá. Abiyamọ kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, wọ́n ní yóò bá a lọ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti ọjọ́ pípẹ́ wá, ẹnìkan kò sì bi í léèrè. Ẹbí ló ń túfọ̀ òkú. Bí ẹbí kò bá tíì túfọ̀, ẹkún kò gbọdọ̀ sọ nílé. Nítorí náà a kò sọkún. A kò fárí. Aṣọ rẹ̀ wà lórí okùn nínú yàrá títí òólá fi jẹ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, a ó ní kò tíì dé.

Ọkùnrin kan ládùúgbò wa padà dé ní tirẹ̀. Sọ́jà ni a ń pè é títí ó fi kú. Ìka méjì ló kù sí ọwọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ yẹn náà ló sì fi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nídìí igi ọ̀dán. Yèyé mi máa ń lọ bá a. Á bi í pé, "Ṣé ẹ jọ wà níbì kan náà?" Sọ́jà á ní ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n kó àwọn lọ, igbó ibẹ̀ tóbi, ó tóbi ju igbó gẹdú wa lọ nígbà ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ló sọ. Kò parọ́ fún un rárá. Ó kàn máa ń tẹ orí ba sídìí kẹ̀kẹ́.

Yèyé mi di Aládùúrà. Lọ́dọọdún, nígbà ìkórè, á fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ kí wọ́n gbàdúrà fún un pẹ̀lú àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Nígbà tí mo lọ́kọ tí mo bí ọmọkùnrin, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Yèyé mi fi ń pè é. Ọmọ ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kò fi pè é rí. Bí ó bá fẹ́ fún un lẹ́ja, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Bí ó bá fẹ́ nà án, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi á ní, "Ìyá rẹ fẹ́ gba ọmọ mi fi dípò ni?" Èmi á bá iṣẹ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, ó ń dùn mí. Èmi tí mo wà níbẹ̀, tí mo ń pọnmi fún un, tí mo ń fọ aṣọ funfun rẹ̀ fún ìsìn, mo dà bí afẹ́fẹ́ lójú rẹ̀. Ẹni tí kò sí ni ó ń rí. Mo sọ èyí kí ẹ má rò pé ìfẹ́ nìkan ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe.

Ìgbà tí ìwé ọ̀fẹ́ ti dé, tí ọmọ talákà náà ń wọ aṣọ iléèwé, ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan nínú ìlú dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Lọ́yà kan tó ti ìlú òyìnbó dé ni alága wọn. Wọ́n ní ìlú ńlá kì í gbàgbé àwọn ọmọ rẹ̀ tó bógun lọ. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà wá sílé wa ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Yèyé mi ti lọ sọ́jà. Ọmọkùnrin tínrín ni, ó fi gègé ìkọ̀wé méjì sápò àyà.

Ó ti ẹnu ọ̀nà ké wọlé, "Ẹ kú ilé o! Ṣé ibí ni ilé ológun tó kú sí Bọ́mà?"

Olórí ẹbí wa fò dìde lórí ìjókòó. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ kò ní ìlẹ̀kùn ni? Wọlé, jókòó, kí o sì rọra."

Akọ̀wé jókòó. Ó ní wọ́n fẹ́ ri òkúta kan mọ́lẹ̀, orúkọ gbogbo wọn ni yóò wà lára rẹ̀. Ó ní àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ lọ́jọ́ tí wọn yóò ṣí i. Ará Jàpáànù ni, ó wà ní Ìkẹjà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ aṣọ, òun náà jagun ní Bọ́mà nígbà èwe rẹ̀. Ó gbọ́ pé àwọn ọmọ ìlú wa kú síbẹ̀, ó sì bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wá fi òdòdó sílẹ̀ fún wọn. Alága wá ní ó dára kí wọ́n fi ìlà kan sísàlẹ̀ òkúta fún àwọn ti ọkùnrin náà.

Olórí ẹbí ní, "Dúró ná. Ẹni tó pa ọmọ wa?"

"Bàbá, kì í ṣe òun gan-an."

"O wà níbẹ̀?"

Akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀, ó tún pa á dé. Ó ní, "Bàbá, ayé ti di ọ̀kan. Òyìnbó àti ará Jàpáànù ti di ọ̀rẹ́."

"Ọ̀rẹ́! Nígbà tí wọ́n ń jà, wọ́n wá mú ọmọ wa. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, ta ló wá sọ fún wa pé wọ́n ti di ọ̀rẹ́?" Ó nu ojú rẹ̀. "Níbo lẹ fẹ́ ri òkúta ọ̀hún mọ́?"

"Lójú ọ̀nà ọjà, kí gbogbo ènìyàn lè máa rí i."

"Háà! Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbà lójoojúmọ́. Ẹ fẹ́ kí abiyamọ máa gba ẹ̀gbẹ́ oórì ọmọ rẹ̀ lọ tajà?"

"Bàbá, kì í ṣe oórì. Ìrántí ni."

"Òkúta kọ́?"

"Òkúta ni."

"Orúkọ òkú kọ́ ló wà lára rẹ̀?"

"Orúkọ òkú ni."

"Òkúta tí orúkọ òkú wà lára rẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é nílé bàbá tìrẹ?"

Akọ̀wé yọ gègé kan jáde, ó tún un fi sápò. Lójú mi, ọ̀rọ̀ olórí ẹbí mọ́ gaara bí omi ìsun.

Ó ní kí wọ́n fo orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ sinmi, kí wọ́n wá fi kún un. Akọ̀wé ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹnìkan nínú ẹbí tẹ̀ka sí i pé àwọn ni wọ́n kọ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa yíwọ́ lọ́la. Ó mú páálí tàdáwà jáde. Olórí ẹbí kọjú sí mi.

"Ìwọ ni kí o tẹ̀ ẹ́. Ìwọ àti òun lẹ jọ mu ọmú kan náà."

Mo wo páálí tàdáwà náà. Mo ro ti Yèyé mi tí yóò máa sunkún lójú ọ̀nà ọjà lójoojúmọ́, tí èmi yóò máa lọ fà á dìde nílẹ̀ tọmọ-tọmọ lẹ́yìn mi. Mo tún ro nǹkan mìíràn, kí Ọlọ́run dárí jì mí: mo ro pé bí wọ́n bá tún kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta, kò sí ibi tí n ó yà sí nínú ìlú yìí tí orúkọ yẹn kò ní í dúró dè mí. Mo tẹ̀ ẹ́. Tàdáwà náà kò tètè kúrò ní àtàǹpàkò mi. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi bó o.

Nígbà tí ọjọ́ ṣíṣí òkúta náà kù sí dẹ̀dẹ̀, olórí ẹbí ní ká wá ọgbọ́n dá sí i, kí Yèyé mi má sí nílùú. Mo sọ fún un pé mo gbọ́ pé ẹja pọ̀ ní Ibiade, kó lọ kó ọjà, kó sì kí àwọn ènìyàn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní mo ṣeun tí mo ronú kan òun. Mo ru agbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ lé e dé gáréèjì láàárọ̀ kùtùkùtù, kí n lè fi ojú ara mi rí i pé ó wọ lọ́rì.

Kò tíì wọ lọ́rì nígbà tí Sọ́jà yọ. Aṣọ ogun rẹ̀ ló wọ̀, ó ti fún un mọ́ra, ó to mẹ́dà tí wọ́n fún un lógun sáyà, wọ́n ń dún bí ó ti ń rìn. Yèyé mi pa àtẹ́wọ́.

"Sọ́jà! Ta lò ń lọ mú láàárọ̀ yìí?"

"Yèyé, èmi gan-an ni wọ́n ń mú o. Wọ́n ní kí n wá dúró nínú oòrùn kí n máa wo ará Jàpáànù bó ṣe ń to òdòdó. Ẹni tó fi ìka mi jẹun! Bóyá á bá mi dá wọn padà lónìí."

Àwọn awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Yèyé mi náà rẹ́rìn-ín. Sọ́jà wá sọ èyí tó kù láìronú: "Ẹ̀yin náà, kí lẹ ń wá ní gáréèjì? Iwájú ni wọ́n to àga àwọn ìyá sí."

"Àwọn ìyá ta ni?"

Ìgbà náà ni Sọ́jà rí ojú mi. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yèyé mi wo Sọ́jà, ó wo mẹ́dà àyà rẹ̀, ó wò mí. Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé dáadáa, bí ẹni ń lọ síbi tí ojú pọ̀ sí.

Mo ní, "Yèyé, lọ́rì fẹ́ lọ."

Ó ní, "Kó máa lọ."

Bí a ṣe dé ibẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ń kọrin. Aṣọ funfun ni wọ́n fi bo òkúta. Ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ Yèyé mi pé ṣé ọ̀kan lára àwọn ìyá ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì fún un ní àga níwájú, nítorí ẹni tó ń fúnni lága kì í ṣe ẹni tó mú ìwé dání. Èmi dúró lẹ́yìn pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo lọ́wọ́. Mo ń wá ojú akọ̀wé kí n lè ṣẹ́wọ́ sí i, kò wò mí. Alága sọ̀rọ̀, ó fi òyìnbó kún un. Àlejò náà jókòó tì í, ọkùnrin kúkúrú, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ọmọ iléèwé. Ó jọ mí lójú pé kò ju ènìyàn lọ. Mo ti rò pé n ó rí ohun tí ó bani lẹ́rù.

Wọ́n ká aṣọ kúrò. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Bí ó bá ka ọ̀kan, ìyá tàbí ìyàwó ẹni náà á dìde, wọn á pàtẹ́wọ́, á tún jókòó. Yèyé mi ti sún síwájú lórí àga. Bí wọ́n bá fẹ́ ka òmíràn, á gbé ìdí díẹ̀. Bí kò bá jẹ́ tirẹ̀, á rọra padà. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀! Akọ̀wé dé ìlà ìkẹyìn. Ó ní, "Àti ní ìrántí àwọn akọni tó bá wọn jà, tí àwọn náà kò padà sílé ìyá wọn." Ará Jàpáànù dìde, ó tẹrí ba, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Yèyé mi náà ti dìde. Àwọn méjèèjì ló dúró, kò sí ẹlòmíràn.

"Akọ̀wé," ni Yèyé mi wí, "o fo ẹnìkan."

Akọ̀wé wo ìwé. "Yèyé, mo ti kà á tán."

"Ará Jàpáànù wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

"Ẹni tó pa á wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n pa kò sí níbẹ̀?"

Akọ̀wé ń làágùn. Bó bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, ì bá ní àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ìwé ni, ó fẹ́ fi hàn pé òun kò jẹ̀bi. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ewé kan jáde, ó ní, "Ẹbí yín ló ní ká má kọ ọ́. Àtàǹpàkò ọmọ yín nìyí."

Yèyé mi kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ àtàǹpàkò? Ó tẹjú mọ́ ọn títí. Kò wẹ̀yìn wò mí.

Ará Jàpáànù sún mọ́ alága, ó bi í ní òyìnbó pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n sọ díẹ̀ fún un. Ó rìn wá sọ́dọ̀ Yèyé mi, ó tẹrí ba, ó tún sọ̀rọ̀. Sọ́jà tó gbọ́ òyìnbó ogun ló túmọ̀ rẹ̀.

"Yèyé, ó ní kí ni orúkọ ọmọ yín."

Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Ẹ má sọ fún un o! Ọ̀tá ni!"

Yèyé mi ní, "Láti àárọ̀, òun nìkan ló bi mí."

Ó sì sọ ọ́. Ó sọ orúkọ, ó sọ oríkì, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀ tó fi òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ará Jàpáànù fa ìwé kékeré kan yọ, ó ń kọ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ tiwọn. Ó bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ó sọ fún Sọ́jà pé àbúrò òun náà wà nínú igbó yẹn, òun kò mọ ibi tó kú sí títí dòní.

Àwọn ènìyàn rò pé Yèyé mi yóò kí i pẹ̀lẹ́. Kò kí i. Ó ní, "Sọ́jà, sọ fún un pé èmi kò dárí jì í. Sọ fún un pé kó tọ́jú orúkọ ọmọ mi dáadáa."

Kí Sọ́jà tó lanu, alága ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ọ́ ní òyìnbó pẹ̀lú ẹ̀rín. N kò mọ ohun tó sọ. Ará Jàpáànù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún tẹrí ba, àwọn ènìyàn sì tún pàtẹ́wọ́.

A dé ilé, ó jókòó sórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kì í ṣe ọgbọ́n mi, mo ní olórí ẹbí ló ní abiyamọ kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀.

"Oórì?" ni ó wí. "Òkú wà lábẹ́ rẹ̀ ni?"

Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀.

"Mo bi ọ́. Wọ́n gbé òkú ọmọ mi wá láti Bọ́mà wá sin sójú ọ̀nà ọjà?"

"Rárá, Yèyé."

"Òkúta lásán ni. Orúkọ ni wọ́n ní kí ẹ mú wá, ẹ kò mú un wá." Ó tú gèlè rẹ̀. "Ẹ rò pé n kò mọ̀ pé ó kú? Láti ọjọ́ tí olórí ẹbí yín kò ti lè wo ojú mi mọ́ ni mo ti mọ̀. Mo ń dúró dè yín kí ẹ túfọ̀ rẹ̀ fún mi, kí n lè sọkún. Ìyá kì í dá ẹkún òkú bẹ̀rẹ̀ nílé ọkọ. Mo ń gbàdúrà fún aláìsí bí ẹni tó wà láàyè, ẹ ń wò mí. Níwájú ọ̀tá ni mo ti wá gbọ́ pé ọmọ mi kú, láti ẹnu akọ̀wé."

Mo sunkún. Ó ní kí n dákẹ́, kì í ṣe ẹkún tèmi.

Ó lọ bá ìgbìmọ̀ náà kí wọ́n fi orúkọ náà kún un. Afínkúta ní kò sí àyè mọ́, ìlà àwọn ará Jàpáànù ló gba ìsàlẹ̀. Akọ̀wé ní kó dúró de alága. Alága ti bá òṣèlú lọ sí Ìbàdàn. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá fẹ́ fi òdòdó síbẹ̀, Yèyé mi á lọ dúró, á sọ fún ẹni tó bá wà níbẹ̀. Wọ́n á ní, "A ti gbọ́, Yèyé." Olórí ẹbí ní kí èmi lọ tẹ̀ka lẹ́ẹ̀kejì pé a ti gbà. Mo lọ. Wọ́n ní ìwé yẹn kò sí níbi tí wọ́n lè rí i mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìjà òṣèlú dé, tí ará ilé ń da bẹntiróòlù sílé ará ilé. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà jóná, ooru iná la òkúta náà sí méjì. Àwọn tó kú nínú ìjà yẹn, a mọ ìyá wọn lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ẹni tó gbé òdòdó fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ẹni tó sun ilé àti ìyá ẹni tó jóná jọ ń pọnmi nínú kànga kan náà, wọn kì í kí ara wọn. Ìlú tó ní àyè fún ará Jàpáànù lára òkúta rẹ̀ ni mo ń sọ o.

Yèyé mi kò lé mi jáde. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi. Àkọ́bí mi ọkùnrin, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ló fi ń pè é láti ọjọ́ náà lọ. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, mo sì rí i gbà. Nígbà tí ọmọ náà kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀, kò dáhùn, ó rò pé ẹlòmíràn ni.

Ohun kan ṣoṣo ló kà léèwọ̀ fún mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òkúta yẹn ló sọ ọ́, kò sì yí i padà títí ó fi kú. Ó ní ẹni tó tẹ̀ka pé kí wọ́n má kọ orúkọ náà kò gbọdọ̀ fi ẹnu rẹ̀ pè é mọ́. N kò pè é. N kò pè é níbi òkú Yèyé mi nígbà tí wọ́n ń dárúkọ àwọn ọmọ tó bí. Mo jẹ́ kí wọ́n dárúkọ mi, mo sì dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn tó mọ orúkọ náà ti kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ èyí sílẹ̀ fún mi sọ pé ìwé náà kò lè pé láìsí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ìyá àgbà, Yèyé yín ti kú tipẹ́, ẹ sọ ọ́ sí mi létí." Mo ní kó kọ èyí tí mo sọ, kó sì fi èyí tó kù sílẹ̀.